Aràn kò sí nínú ìgbẹ́, àbí àyẹ̀wò ni kò rí i? Ohun tó yẹ kí ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ̀ nípa àyẹ̀wò aràn ìgbàlódé

Bí ìyá kan bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Àkúrẹ́ tàbí nílùú Oǹdó, tí wọ́n sì fún un ní ìwé pé kò sí aràn nínú ìgbẹ́ ọmọ náà, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò ká ìwé náà sínú báàgì, ó di ilé. Kò ní í béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣeé ṣe kó fara pamọ́ sábẹ́ "kò sí" yẹn. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni inú ọmọ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé aràn wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ni kò rí i. Ìwé èsì kò lè fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó kọ ìwé náà ló lè fi í hàn, iṣẹ́ yẹn sì ni aláìsàn kì í fojú rí.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọmọ kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń pín oògùn aràn fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n sì ń pín Mectizan láwọn abúlé tí àrùn afọ́jú etí odò ti ń jà. Eṣinṣin dúdú kékeré kan tó ń pamọ síbi tí omi ti ń sáré ló ń gbé aràn tó ń fa àrùn yìí láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck, tó ń ṣe Mectizan, ti ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà yóò jẹ́ títí àrùn náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ títí ayé. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò ní láti sọ pé ó tó, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí onítọ̀hún bá sọ ọ́ láìtó àkókò, aràn tó kù lára àwọn ènìyàn díẹ̀ yóò tún gbilẹ̀, làálàá ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì di òfo. Bó bá sì pẹ́ jù kó tó sọ ọ́, owó tó yẹ kí wọ́n fi bá àìsàn mìíràn jà ni wọn yóò máa ná lórí ohun tí kò sí mọ́. Ilé àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti wá.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lọ láti wá aràn kò le rárá. Òṣìṣẹ́ yóò mú ìgbẹ́ díẹ̀, yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò sì fi máíkírósíkóòpù wá ẹyin aràn nínú rẹ̀. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ń lò fún ìwádìí láàrin ìlú ni wọ́n fi orúkọ Kato ará Japan àti Katz ará Brazil pè ní Kato-Katz. Ìgbẹ́ tí wọ́n ń wò níbẹ̀ kò ju mílígíráàmù 41.7 lọ, iye ẹyin tí wọ́n bá kà ni wọn yóò fi 24 sọ di púpọ̀ kí wọ́n tó mọ iye tó wà nínú gíráàmù kan. Kò wọ́n, kò sì gba iná púpọ̀. Àmọ́ irú aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní hookworm, èyí tó ń fi ẹnu di ìfun mú, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹyin tirẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rá lórí gíláàsì Kato-Katz. Bí wọn kò bá wò ó láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ó ti lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ lọ jẹun kó tó padà wá wò ó lè kọ "kò sí" láìjẹ́ pé ó fẹ́ parọ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àṣeyọrí oògùn fúnra rẹ̀ ló ń dín agbára máíkírósíkóòpù kù. Abo kan ṣoṣo nínú aràn gígùn tó jọ ekòló lè yé tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ẹyin, ìyẹn 200,000, lóòjọ́, nítorí náà kò ṣòro láti rí ẹyin rẹ̀. Àwọn aràn yòókù kì í yé tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti pín oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, aràn tó ṣẹ́kù nínú ènìyàn lè má ju méjì mẹ́ta lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹyin wọn wà nínú ìgbẹ́, kó má sì sí nínú ìwọ̀nba tí òṣìṣẹ́ tẹ́ sórí gíláàsì.

Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò PCR ti wọlé. Òun kì í wá ẹyin. DNA aràn ló ń wá, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ohun abẹ̀mí gbogbo. Kary Mullis ará Amẹ́ríkà ló ronú kan ọ̀nà náà ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1993. Ẹ̀rọ náà yóò máa mú omi inú túùbù kékeré gbóná, yóò sì máa mú un tutù. Bó ti ń yí po lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni DNA tí wọ́n ń wá ń di ìlọ́po méjì. Nígbà tó bá fi yí po nígbà ọgbọ̀n, ẹyọ kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan. Èròjà kan wà nínú túùbù tó ń tàn bí DNA ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ yóò sì kọ ìyípo tó ti kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tètè yọ, DNA aràn pọ̀ níbẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó yọ, kò pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì yí po nígbà ogójì láìrí nǹkan kan, wọn a ní kò sí.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Irú àyẹ̀wò yìí ni wọ́n fi ń mọ ibà Lassa tó ti da Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ láàmú, tó fi di pé nígbà kan rí, wọ́n máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ sí Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo kí wọ́n tó mọ èsì. Òun náà ni wọ́n fi mọ ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní ìpínlẹ̀ náà ní Oṣù Kẹrin ọdún 2020. Láti ìgbà Kòrónà yẹn ni ẹ̀rọ PCR ti wọ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tó lè wá Kòrónà lè wá aràn pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti ní èròjà tó yẹ àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Àwọn tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀, FUTA, wà ní Àkúrẹ́, ó sì ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí àtọ̀sí ajá láàrin àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìpogun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, UNIMED, sì wà nílùú Oǹdó, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú méjèèjì.

Àmọ́ ẹ̀rọ kò ní làákàyè. Ohun tó bá bá nínú túùbù ló ń kà, ọ̀nà méjì ló sì lè gbà ṣi ènìyàn lọ́nà: kó má rí ohun tó wà, tàbí kó rí ohun tí kò sí.

Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Òróòro àti ìdọ̀tí oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ lè dí iṣẹ́ PCR lọ́wọ́, débi pé DNA aràn wà nínú túùbù ṣùgbọ́n kò lè pọ̀ sí i. Ìkarahun ẹyin aràn pẹ̀lú le, pàápàá ti aràn tó rí bí pàṣán. Bí wọn kò bá fi àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké gbọ̀n ọ́n títí ìkarahun náà yóò fi fọ́, DNA inú rẹ̀ kò ní í jáde. Bí ìgbẹ́ bá pẹ́ nínú oòrùn kí wọ́n tó fi sínú yìnyín tàbí sípíríìtì, DNA ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà PCR gbọ́dọ̀ wà nínú fírísà tó tutù tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí. Bí iná bá lọ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé, tí kò sì sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀, èròjà á ti yọ́, á tún ti dì padà, ojú lásán kò sì ní í fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀? Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń dá, ó sì dùn ún gbọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ DNA jáde nínú ìgbẹ́ aláìsàn, wọn a kán ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì kan sí i, èyí tó jẹ́ pé ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní seal nìkan ló ń bá jà. Kò sí ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì yẹn lè gbà wà nínú ìgbẹ́ ọmọ Oǹdó bí kì í bá ṣe pé wọ́n fi í síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wá aràn, yóò máa wá fáírọ́ọ̀sì seal pẹ̀lú. Bó bá rí fáírọ́ọ̀sì náà níbi tó yẹ kó ti rí i, tí kò sì rí aràn, "kò sí" náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fi síbẹ̀, tàbí tó pẹ́ jù kó tó rí i, a jẹ́ pé nǹkan kan ti dí àyẹ̀wò lọ́wọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ kọ "kò sí". Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni "a kò lè sọ", kí wọ́n sì tún un ṣe. Ilé àyẹ̀wò tí kì í sọ "a kò lè sọ" láé, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa dán tó, yẹ kó máa kọ ènìyàn lóminú.

Ọ̀nà kejì, ìyẹn kí ẹ̀rọ rí ohun tí kò sí, agbára PCR fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Túùbù tí DNA ti di bílíọ̀nù nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ṣí i, ohun tí ojú kò rí á fò sínú afẹ́fẹ́, á bà sórí tábìlì, á lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó bá bọ́ sínú túùbù ẹlòmíràn ti tó láti sọ ẹni tí kò ní aràn di aláràn. Ó dà bí ẹni tó gún ata tán tó fi ọwọ́ kan náà nujú ọmọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ibi tí wọ́n ti ń po èròjà, ibi tí wọ́n ti ń yọ DNA jáde, ibi tí ẹ̀rọ wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ènìyàn ń rìn níbẹ̀, láti ibi tó mọ́ lọ síbi tí kò mọ́. Ẹni tó bá ti wọ yàrá ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbé aṣọ iṣẹ́ yẹn padà síbi tí wọ́n ti ń po èròjà.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ṣe àyẹ̀wò ni túùbù kan máa ń wà láàrin àwọn yòókù tó jẹ́ pé omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní òun rí aràn nínú omi lásán, gbogbo èsì ọjọ́ náà ti di ìfura, títí kan ti àwọn tó ní aràn lóòótọ́. Wọ́n tún ń fi DNA aràn tí wọ́n mọ̀ dájú sí àwọn túùbù mìíràn, tí wọ́n ti là á ní ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n là ní ìlọ́po mẹ́wàá gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìyípo mẹ́ta àti díẹ̀ pẹ́ ju ti ìṣáájú rẹ̀ lọ. Wọn a máa kọ ibi tí ó bọ́ sí lójoojúmọ́ sínú ìwé. Bó bá ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìkìlọ̀ nìyẹn pé èròjà ń kú lọ, kó tó di pé èsì aláìsàn bàjẹ́. Ìwé yìí kò gba owó púpọ̀. Sùúrù ló ń gbà, òun náà sì ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ pa tì nígbà tí aláìsàn bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ afọ́jú etí odò fi hàn bí ìṣìnà kékeré ṣe lè fa wàhálà ńlá. Mectizan ń pa ọmọ aràn tó ń rìn kiri lábẹ́ awọ, kì í pa ìyá aràn, èyí tó lè gbé lára ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí WHO tó gbà pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2016 béèrè pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá wò, kí wọ́n sì mú eṣinṣin etí odò, ó kéré tán 6,000, kí wọ́n fi PCR wá DNA aràn nínú wọn. Wọn kì í yẹ eṣinṣin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kó wọn pọ̀, bí ọgọ́rùn-ún sínú túùbù kan. Eṣinṣin tó ń gbé aràn kò gbọdọ̀ tó ẹyọ kan nínú 2,000. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé àdìpọ̀ kan tàbí méjì péré ló lè yí ìdáhùn padà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣe àìmọ́tótó tí àdìpọ̀ méjì fi ní aràn tí kò sí níbẹ̀, àwọn abúlé agbègbè náà lè máa gbé oògùn mì fún ọdún mìíràn láìnídìí. Bí àyẹ̀wò bá sì kùnà láti rí èyí tó wà, ojú àwọn ènìyàn ló wà nínú ewu.

Màlúù pẹ̀lú dá sí i. Aràn kan wà tó jẹ́ ti màlúù, Onchocerca ochengi lorúkọ rẹ̀, tó bá ti ènìyàn tan gan-an, eṣinṣin kan náà ló sì ń gbé àwọn méjèèjì. Àyẹ̀wò tí kò bá fìyàtọ̀ sí wọn lè ka aràn màlúù sí ti ènìyàn. Níbi tí darandaran àti àgbẹ̀ bá jọ ń lo odò kan náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ni pé ṣé àyẹ̀wò wọn mọ ìyàtọ̀.

Ilé àyẹ̀wò lè ṣe gbogbo èyí kó sì tún ṣìnà láìmọ̀, nítorí ojú ara rẹ̀ ló fi ń wo ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àdììtú ránṣẹ́ láti ìta. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde lórí PCR aràn inú àti àtọ̀sí ajá. Wọ́n ṣètò àpẹẹrẹ ìgbẹ́ 12 àti DNA 8, ilé àyẹ̀wò ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́fà kọ́kọ́ fìdí ohun tó wà nínú wọn múlẹ̀, wọ́n sì kó wọn ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò 15 káàkiri ayé láìsọ ohun tó wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn yege. Àwọn kan kò yege, ó sì hàn kedere. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ DNA jáde àti èyí tí wọ́n ń gbà ṣe PCR yàtọ̀ síra gan-an. Ìdánwò náà fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ ilé àyẹ̀wò di èyí tó ṣeé gbára lé.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. Ní Comè, lórílẹ̀-èdè Benin tó múlé ti Nàìjíríà, ni wọ́n ti ṣe apá kan ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní DeWorm3, pẹ̀lú Malawi àti India, láti mọ̀ bóyá pípín oògùn fún tọmọdé tàgbà lè fòpin sí ìtànkálẹ̀ aràn inú. PCR ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, ààlà tí wọ́n sì fi lélẹ̀ ni pé kí àwọn tó ṣì ní aràn lọ́dún méjì lẹ́yìn oògùn ìkẹyìn má ju 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbi tí ààlà bá kéré tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ilé àyẹ̀wò lásán lè gbé ìlú kan kọjá rẹ̀ tàbí kó fà á sẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tó ń mójútó ìmọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn, MLSCN, tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan ní Zaria tó ń fi àpẹẹrẹ àdììtú ránṣẹ́ sáwọn ilé àyẹ̀wò fún irú àyẹ̀wò bíi ti HIV. Ilé àyẹ̀wò tó bá fẹ́ máa fi PCR wá aràn ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó yóò ní láti wá irú olùdánwò bẹ́ẹ̀ fún aràn pẹ̀lú, kódà bó jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò mìíràn ni wọn yóò máa pààrọ̀ àpẹẹrẹ pẹ̀lú.

Aláìsàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó mú ìtọ̀ wá nítorí àtọ̀sí ajá kò gbọdọ̀ mú ti òwúrọ̀ kùtùkùtù wá. Láàrin agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán ni ẹyin aràn náà máa ń jáde jù, ó sì dára kí ènìyàn kọ́kọ́ sáré díẹ̀ tàbí kó rìn kí ó tó tọ̀. Ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó mọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ha nílẹ̀ ṣáláńgá, nítorí aràn inú ilẹ̀ lè bá a dé ilé àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn aràn gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe PCR, torí ẹ̀rọ náà kò mọ DNA aràn tó ti kú yàtọ̀ sí ti èyí tó wà láàyè. Kò sì sí àfojúdi nínú kí aláìsàn béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí tí ẹ fi ń dán ara yín wò yege lónìí?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn láìbínú.

Àwọn tó ń mójútó ètò náà kò ní ìsinmi lẹ́yìn tí wọ́n bá dá Mectizan dúró pàápàá. Fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi máa ṣọ́ agbègbè náà, kí wọ́n tún padà sétí odò lọ mú eṣinṣin, kí wọ́n sì tún gbé wọn lọ fún PCR, pẹ̀lú túùbù omi lásán láàrin wọn. Orílẹ̀-èdè Niger, tí WHO kéde ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà láti fòpin sí ìtànkálẹ̀ àrùn náà, ní láti fi ẹ̀rí irú èyí síwájú àjọ náà kí wọ́n tó gbà á gbọ́.